Kí Ló Ń Dúró De Kí Ni?

Ìró òòlù ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó yọ sí sáìtì ilé mi ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 2024. Mo rò pé kápẹ́ńtà ló ń kan nǹkan, àfi bí mo ṣe wọlé tí mo bá ọ̀gá oníná àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan nínú pálọ̀, tí wọ́n kọjú sí ògiri tí bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń fi òòlù àti irin ẹlẹ́nu mímú la ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Eruku sìmẹ́ńtì ti bo irun orí àwọn méjèèjì. Ọ̀gá oníná kò bínú, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bi mí pé, "Ọ̀gá, ta ló ní kí wọ́n rẹ́ ilé nígbà tí a kò tíì tẹ́ páìpù wáyà sínú ògiri?" Mo gbé ojú sí ibòmíràn, nítorí pé èmi gan-an ni mo ní kí wọ́n rẹ́ ẹ. Bíríkìlà kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà, owó sì wà nílẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn, àpò sìmẹ́ńtì kan ti kọjá 10,000 náírà ní àwọn ibì kan, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ó tún lè gbówó lórí kí n tó rajà. Ìbẹ̀rù yẹn ló mú mi sáré.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju owó lọ ni irú iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Ilé iṣẹ́ tí mo wà máa ń gbé sólà sí orí òrùlé ilé ìwé àti ilé ìwòsàn kéékèèké, èmi sì ni alábòójútó iṣẹ́ àkànṣe níbẹ̀: èmi ni mò ń pinnu òṣìṣẹ́ tó máa ṣáájú, ohun èlò tó máa kọ́kọ́ dé, àti ọjọ́ tí a máa fa iṣẹ́ lé oníbàárà lọ́wọ́. N kò jẹ́ gbé bátìrì lọ sí ilé ìwòsàn tí wọn kò tíì kọ́ yàrá tí a máa tò ó sí. Bí ọmọ iṣẹ́ mi kan bá dán irú rẹ̀ wò, màá bá a wí kíkankíkan. Síbẹ̀, nígbà tó kan ilé ti ara mi, mo ṣe é bí ẹni tí kò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìdí tí ọgbọ́n tí mò ń tà fún ẹlòmíràn kì í fi í bá mi dé ilé. Ìdáhùn tí mo kọ́kọ́ fún ara mi ni pé àkókò kò tó. Èmi àti gbogbo èèyàn tí mo mọ̀ ni a jọ ń sọ bẹ́ẹ̀: ọjọ́ ti kúrú jù, oorun kò tó, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ sì ti jẹ nínú ìwọ̀nba wákàtí tó kù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìtó àkókò ló fọ́ ògiri yẹn. Àkókò wà; ohun tí kò tíì yẹ ní ṣíṣe ni mo fi ṣe. Ohun tí n kò mọ̀, tàbí tí mo mọ̀ ní ọ́fíìsì tí mo sì gbàgbé rẹ̀ ní sáìtì, ni ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dúró dè.

Ìbéèrè kékeré yìí, kí ló ń dúró de kí ni, ní ìtàn. Ní ọdún 1957, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà DuPont ní Amẹ́ríkà ń wá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dín àkókò àti owó tó ń bá kíkọ́ ilé iṣẹ́ tuntun lọ kù, àti ọjọ́ tí ẹ̀rọ wọn fi ń dákẹ́ nígbà àtúnṣe. Morgan Walker láti DuPont àti James Kelley láti Remington Rand, ilé iṣẹ́ tó ni kọ̀ǹpútà UNIVAC, ni wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n gbé jáde rọrùn débi pé ó máa ń jọ ohun tí olúkúlùkù ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: kọ gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀, kọ iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà, kọ iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ parí kí òmíràn tó lè bẹ̀rẹ̀, kí o wá tọ ẹ̀wọ̀n tó gùn jù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gígùn ẹ̀wọ̀n yẹn ni gígùn gbogbo iṣẹ́ náà. Bí iṣẹ́ kan tó wà lórí rẹ̀ bá fi ọjọ́ kan pẹ́, gbogbo iṣẹ́ pátá fi ọjọ́ kan pẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ tí kò sí lórí rẹ̀ ní àyè díẹ̀ láti mí. Ó lè falẹ̀ níwọ̀nba láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tó di ọdún 1958, ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gbé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ jáde ní tiwọn, wọ́n pè é ní PERT, nítorí iṣẹ́ ohun ìjà Polaris tí wọ́n fẹ́ máa yìn láti inú ọkọ̀ abẹ́ omi. Èmi kò ní ohun ìjà kankan, ilé oníyàrá mẹ́ta ní ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn ni mo ní, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn mo mú ìwé àti bírò, mo kọ gbogbo iṣẹ́ tó kù lórí ilé náà sílẹ̀.

Iṣẹ́ 39 ni. Mo wá ń fa ilà láti orí ọ̀kan sí orí òmíràn. Páìpù wáyà ṣáájú rírẹ́ ògiri. Páìpù omi ilé ìwẹ̀ ṣáájú rírẹ́, rírẹ́ sì ṣáájú táìsì. Férémù ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní ìdúró kí bíríkìlà tó rẹ́ etí rẹ̀. Ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ kan ògiri tí kò tíì gbẹ. Nígbà tí mo ṣe tán, mo rí i pé iṣẹ́ 11 péré nínú 39 ló wà lórí ẹ̀wọ̀n tó gùn jù. Àwọ̀ géètì, tí èmi àti ìyàwó mi ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jiyàn lé lórí, kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹni tó wà níbẹ̀, ní orí gan-an, ni ọ̀gá oníná, ẹni tí n kò pè fún odindi oṣù kan nítorí pé mo jẹ ẹ́ ní owó díẹ̀, ojú sì ń tì mí láti gbọ́ ohùn rẹ̀.

Mo dúró sórí èyí díẹ̀, nítorí pé mo ti rí i lẹ́yìn náà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò kan ilé kíkọ́. Ohun tó ń dá iṣẹ́ dúró kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ tó le. Ìpè fóònù kan tí a ń sá fún ni, gbèsè kékeré kan ni, fọ́ọ̀mù kan tí ó yẹ ká lọ bẹ ẹnì kan láti fọwọ́ sí ni. A ó wá kó ara wa sínú iṣẹ́ mìíràn tó pọ̀, tó ń mú òógùn jáde, kí á má baà rántí. Lójú ẹni tó ń wò wá, a kò ṣe ọ̀lẹ. Rírẹ́ tí mo rẹ́ ilé mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn, bí mo bá fẹ́ sọ òtítọ́, ọ̀nà tí mo fi ń sá fún ọ̀gá oníná ló jẹ́ pẹ̀lú.

Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n yìí fún ìyá mi lórí fóònù, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ṣakí ni wọ́n wà, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń ṣe èlùbọ́ tà. "Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ kí wọ́n tó kọ́ ọ?"

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ èlùbọ́ á rò pé iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni. Wọ́n á be iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi tó gbóná níwọ̀nba, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á wá sá a sí oòrùn, lórí àpáta tàbí lórí ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́, títí yóò fi gbẹ débi pé bí a bá fi gbodo kan lu èkejì, á dún kókó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó kàn. Nínú gbogbo rẹ̀, iṣu bíbe ló máa ń gba ọwọ́ jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti mú yá: ìyá mi lè pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, kí wọ́n ṣe é ní àáró, lónìí níwájú ilé tèmi, lọ́la níwájú ilé tìrẹ, kí òkìtì iṣu kan sì tán kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àáró tó lè mú oòrùn yára. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀wẹ̀ tó lè mú àpáta fẹ̀ sí i. Ẹni tó bá be iṣu tó ju àyè ìsáǹkan rẹ̀ lọ, iyán ni yóò fi èyí tó ṣẹ́kù gún, tàbí kí ó jókòó máa wò ó títí yóò fi bu. "Àpáta ni mo kọ́kọ́ ń wò," ni ìyá mi wí, "n kì í kọ́kọ́ wo iṣu."

Mo ti jókòó ní kíláàsì ọjọ́ márùn-ún, nínú yàrá tí wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù mú tutù bí ọyẹ́, tí wọ́n ń fi àwòrán aláràbarà ṣàlàyé ohun kan náà, kò yé mi tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ ló ní àpáta tirẹ̀, ibì kan tó fún, tí ohun gbogbo gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Nínú ilé kíkọ́, kóńkéré ni: àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń fi ọjọ́ 28 díwọ̀n bí ó ṣe lágbára tó, wọ́n sì ń fẹ́ kí á máa bu omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán lẹ́yìn tí a bá dà á. Kò sí iye lébírà tí a lè gbà tí yóò sọ ọjọ́ 28 yẹn di 14. Ní ọ́fíìsì wa, àpáta tiwa ni ọ̀gá kan ṣoṣo tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí gbogbo ìwé ìsanwó. A gba òṣìṣẹ́ méjì kún òṣìṣẹ́, ìwé wá pọ̀ sí i lórí tábìlì rẹ̀, iṣẹ́ kò sì fi wákàtí kan yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun mìíràn tún wà lọ́wọ́ ìyá mi. Ọjà oko tí wọ́n ń tajà sí, ọrọọrún ni wọ́n ń ná an. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àtijọ́ wa, ṣùgbọ́n nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, ó di márùn-ún lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ọrún. Ọjà ni gbèdéke. Kì í yẹ̀, kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kò sì bìkítà bóyá èlùbọ́ rẹ ti gbẹ. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ka iṣẹ́ wọn bọ̀: bí ọjà yóò bá bọ́ sí ọ̀túnla, ọ̀la ni ẹ̀rọ, nígbà náà òní ni gbodo gbọ́dọ̀ ti dún kókó, èyí tó túmọ̀ sí pé ìsáǹkan ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ báyìí. Àwa ọmọ ọ́fíìsì, iwájú ni a ti ń kà á lọ. A ó bẹ̀rẹ̀ lónìí, a ó máa ro ọjọ́ pọ̀, ibi tó bá sì já sí ni a ó pè ní ọjọ́ ìparí.

Kí n má parọ́, ìpele kan wà nínú ilé yẹn tí mo ṣe létòlétò, ìyá mi ló sì fà á. Àjọ ni mo fẹ́ fi ra páànù, àmọ́ oṣù Karùn-ún ni ó kàn mí láti kó o. Àwọn ni wọ́n ní kí n lọ bẹ ẹni tí yóò kó o ní oṣù Kejì kí á pààrọ̀ ara wa, nítorí pé òjò kì í dúró de àjọ. Mo bẹ̀ ẹ́, ó gbà, páànù sì wà lórí ilé kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Nígbà náà, n kò mọ̀ pé ètò ni mo ṣe. Mo rò pé ìmọ̀ràn ìyá lásán ni.

Ọ̀rọ̀ kíka ọjọ́ tún mú mi dé ibi tó máa ń já mi kulẹ̀ jù. Daniel Kahneman àti Amos Tversky, onímọ̀ méjì nípa ìrònú ọmọ èèyàn, ti kọ̀wé ní ọdún 1979 pé bí èèyàn bá ń ṣírò àkókò tí iṣẹ́ rẹ̀ máa gbà, inú ètò tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló máa ń wò, kì í bojú wẹ̀yìn wo bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lọ sí nígbà tí a ṣe é kọjá. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan ní Kánádà, Roger Buehler, Dale Griffin àti Michael Ross, fi àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìwé àṣekágbá wọn sílẹ̀ ní 1994. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní bí ọjọ́ 34 ni àwọn máa fi parí rẹ̀. Wọ́n tún bi wọ́n pé bí gbogbo nǹkan bá dojú rú ńkọ́, wọ́n ní bí ọjọ́ 49. Ọjọ́ tí wọ́n fi ṣe é gan-an, tí a bá pín in dọ́gba, lé ní 55. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ibi tí wọ́n rò pé nǹkan lè burú dé pàápàá kò tó bí ó ṣe rí. Àwa tí a máa ń sọ pé "mo ti wà lójú ọ̀nà" nígbà tí a ṣì ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò yẹ kó yà lẹ́nu.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé kékeré kan pamọ́ sápò. Ní ojú ewé òsì, mo ń kọ iye ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ sọ. Ní ojú ewé ọ̀tún, iye ọjọ́ tó gbà. Nígbà tó di oṣù kẹta, mo ti mọ̀ pé "ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀gá" tí bíríkìlà mi máa ń sọ, bí ọjọ́ méje ni. Kì í ṣe òpùrọ́. Ọjọ́ tó fi ń to búlọ́ọ̀kù nìkan ló ń kà. Kò ka ọjọ́ tí típà yanrìn kò dé, tàbí ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ibí yìí ni ìṣirò àwọn tó gbé PERT jáde yẹn ti wúlò fún mi: wọ́n ń béèrè iye ọjọ́ lọ́nà mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí yóò gbà bí gbogbo nǹkan bá dára, èyí tó sábà máa ń gbà, àti èyí tí yóò gbà bí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n á sọ ti àárín di ìlọ́po mẹ́rin, wọ́n á ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á sì fi mẹ́fà pín in. Mẹ́ta, mẹ́fà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ méje. Ó bá ìwé àpò mi mu.

Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ bi Yorùbá kan pé ọjọ́ mélòó ni iṣẹ́ yóò gbà bí nǹkan bá bàjẹ́. Mo dán an wò ní ọ́fíìsì. Ọ̀gbẹ́ni Gary Klein, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń ṣe ìpinnu, ti dábàá ní ọdún 2007 pé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo èèyàn jókòó, kí wọ́n rò ó bí ẹni pé iṣẹ́ náà ti kú, kí olúkúlùkù sì kọ ohun tó pa á sílẹ̀. Mo rí i pé ọgbọ́n ńlá ni, mo sì gbé e wá sí ìpàdé. Bí mo ṣe ní kí a rò ó pé sólà ilé ìwòsàn kan ti jóná, awakọ̀ wa fọwọ́ gbá orí ká, ó ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Akọ̀wé owó wa ní "ó di ẹ̀yìn gbogbo wa." Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ìpàdé sì tú pẹ̀lú àmín. N kò fi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí èmi náà ò fẹ́ fi ẹnu ara mi pe ibi wálé. Ní ìgbà kejì, mo yí ìbéèrè náà padà. Mo ní kí olúkúlùkù sọ iṣẹ́ kan tó dà rú ní ibòmíràn, lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àti ohun tó fà á. Wákàtí kan kò tó wọn. Awakọ̀ kan náà ló sọ fún wa nípa afárá tí ọkọ̀ ńlá kì í lè gbà nígbà òjò lójú ọ̀nà abúlé tí a ń lọ, èyí tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ kankan tí mo ní. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Wọn kò sọ pé kí arọ máa pe ogun náà lórúkọ.

Ní ilé, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Mo lẹ àwọn bébà pélébé aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ògiri kíṣìnì ilé tí a háyà, ní abala mẹ́ta: Ó ń bọ̀, Ó wà lọ́wọ́, Ó ti parí. Àwọn ará Toyota ní Japan ni a ti rí irú rẹ̀ kọ́. Taiichi Ohno ló mú un gbilẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìṣe àwọn sùpámákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà tí kì í kó ọjà sórí pẹpẹ àfi bí oníbàárà bá ti mú èyí tó wà níbẹ̀ ló sì fún un ní òye. Káàdì ni wọ́n ń lò, tí ibi iṣẹ́ kan fi ń sọ fún ibi tó ṣáájú rẹ̀ pé àyè ti ṣí. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́, bébà 23 ló wà ní abẹ́ Ó wà lọ́wọ́. Ìwé ọkọ̀ tó ti kọjá àkókò wà níbẹ̀, àtúnṣe orúkọ lórí NIN ìyàwó mi wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí tí mo ń kà fún ìdánwò láti ọdún tó kọjá, owó ẹgbẹ́, ẹ̀rọ omi. Mo wò ó títí ojú fi tì mí. Ẹni tó lé eku méjì a máa pòfo, bẹ́ẹ̀ èmi ń lé mẹ́tàlélógún.

Ìṣirò kan wà tó jẹ́ kí n gbà pé ọ̀rọ̀ yìí ju òwe lọ. Ní ọdún 1961, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, John Little, fi hàn pé iye ohun tó wà lọ́wọ́ dọ́gba pẹ̀lú bí a ṣe ń parí wọn sí, ní ìlọ́po àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò lọ́wọ́ wa. Bí mo bá ń parí ohun méjì ní ọ̀sẹ̀, tí ohun mẹ́rìndínlógún sì wà lọ́wọ́ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò lò kó tó parí. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi, ọ̀sẹ̀ méjì ni. N kò yára sí i, n kò sì jí ní aago mẹ́rin ìdájí bí àwọn oníwàásù àṣeyọrí ṣe ń pàṣẹ. Mo kàn kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ òmíràn ni. Mo kọ ọ́ sókè abala àárín pé: mẹ́ta péré. Mo tún ṣí abala kẹrin, Ó ń dúró, àfi pé bébà kankan kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ láìkọ ẹni tàbí ohun tó ń dúró dè sí ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo bá ìwé ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní abala yẹn: "Kẹ̀kẹ́ mi. Ó ń dúró de Dádì."

Ìyàwó mi ló rí àléébù ètò náà ṣáájú mi. Mo ti lẹ bébà mẹ́rin tí mo kọ orúkọ ìyàwó mi sí. Wọ́n kà á, wọ́n bọ́ ọ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Dádì, ṣé èmi náà ti di lébírà yín ni?" Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó ń kọ orúkọ ẹlòmíràn sí bébà nínú ilé wa, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Wọ́n tún ní kí n jókòó, wọ́n sì ń ka gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe tí kò sí lára ògiri náà fún mi: oúnjẹ ilé ìwé, àjẹsára ọmọ kékeré, mímọ ẹni tó máa ṣe ọjọ́ ìbí nínú mọ̀lẹ́bí, ọṣẹ tó fẹ́ tán. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń kọ ọ́. Nígbà tí mo dé orí ogójì, mo gbé bírò sílẹ̀. Ètò tí mo rò pé ó fi gbogbo iṣẹ́ ilé wa hàn kò fi ju tèmi hàn lọ, mo sì ti ń ṣe bí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ jù nílé.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí n kò lẹ̀ mọ́ ògiri mọ́. Àjọ àwọn alábòójútó iṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1969, èyí tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ti wọ́pọ̀ ní Èkó àti Àbújá báyìí, máa ń sọ pé iṣẹ́ àkànṣe ni ohun tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ní òpin. Ọ̀rọ̀ òpin yẹn ni mo di mú. Mo ti lẹ "ìtọ́jú Ìyá" mọ́ abala Ó wà lọ́wọ́ rí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ìrìn àjò Ṣakí lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó yé mi ohun tí mo ń retí kí bébà náà tó lè bọ́ sí abala Ó ti parí. Mo yọ ọ́ kíá.

A kó wọ ilé náà ní ìparí ọdún 2025. Ọ̀gá oníná ti gba gbogbo owó rẹ̀, ó sì ti bá mi ṣe iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá mi wá kí wa ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n gbé èlùbọ́ báàgì kan wá, wọ́n yípo ilé, wọ́n fọwọ́ kan ògiri pálọ̀, wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi, wọ́n tì í. Nígbà tí mo sìn wọ́n jáde láti wọ ọkọ̀, wọ́n dúró níwájú géètì wa, tó ṣì wà nínú ọ̀dà pupa ìpìlẹ̀ tí wẹ́dà kùn ún láti dènà ìpata. Bébà rẹ̀ ṣì wà ní abala Ó ń bọ̀, ó ti pọ́n lójú. Wọ́n wo èmi, wọ́n wo ìyàwó mi.

"Èyí ńkọ́?" ni wọ́n bi wá. "Kí ni òun ń dúró dè?"

Ìyàwó mi wò mí. Èmi náà wò wọ́n.